Ìwẹ̀ Odò Dọ̀kásì ní Coney Island

Kì í ṣe wèrè ló gbé Dọ̀kásì Akíntọ́lá wọ inú òkun ní ọjọ́ kìíní ọdún, tòun ti aṣọ àdúrà funfun lọ́rùn àti agogo lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fà á. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ sọ pé "lúwẹ̀ẹ́", kò mọ̀ ọ́n pè, ó ní "wẹ̀", ìyá àgbà sì fi etí ìjọ Kérúbù gbọ́ ọ. Ẹ má bínú pé mò ń pe àgbàlagbà lórúkọ báyìí. Ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra, Abẹ́òkúta la sì ti jọ wá, mo mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì ń sá lé ewúrẹ́ kiri.

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni báyìí. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tó ti wá sí Brooklyn láti wá tọ́jú Oyíndà, tí Rìnsọ́lá ọmọbìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nígbà náà. Oṣù mẹ́ta ló ní òun máa lò. Oṣù mẹ́ta di ọdún kan, ọdún kan di iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn: ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń dáná fún wọn, ó ń bá wọn wo tẹlifíṣọ̀n. Àwọn kan nínú àwọn arúgbó náà kò dàgbà jù ú lọ. Ìyẹn kò kàn án. Ó ní ara òun le ju ti gbogbo wọn lọ, òótọ́ sì ni, àfi ọjọ́ kan.

Ọjọ́ náà jẹ́ òwúrọ̀ kan nínú oṣù Kejì, ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ó fẹ́ gbé ike ìdọ̀tí síta, yìnyín sì ti dì sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé wọn ní Canarsie. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dá. Ogójì ìṣẹ́jú ló lò nílẹ̀ níbẹ̀ kí aládùúgbò kan tó rí i. Ọwọ́ ti jinná, ó tilẹ̀ ti ń fi gúnyán, ṣùgbọ́n Rìnsọ́lá kò gbàgbé. Nọ́ọ̀sì ni Rìnsọ́lá, ohun tó ń rí níbi iṣẹ́ kì í jẹ́ kó fi ọkàn balẹ̀ nílé. Láti ìgbà náà, bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ìyá rẹ̀ di ẹni tí wọ́n kó sábà bí iṣu. Kò sí bọ́ọ̀sì mọ́, kò sí ọjà, kò sí ìpàdé àwọn ìyá. Ìsìn ọjọ́ Ìsinmi gan-an, orí fóònù ló ti ń ṣe é nínú yàrá. Bó bá ké Halelúyà, òun náà ni yóò dá ara rẹ̀ lóhùn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ wá kọjá àtìmọ́lé. Rìnsọ́lá bá Ọládiméjì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Houston sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì fẹnu kò, wọ́n sì gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìíní ni Dọ̀kásì máa lọ. Kì í ṣe àbẹ̀wò o. Kó máa gbé ibẹ̀ ni.

"Òtútù ibí ò dáa fún yín, Màámi," ni Rìnsọ́lá wí. "Houston gbóná bí ilé."

"Ó dáa."

"Ilé ni Bọ̀dá Diméjì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin àti wọn á jọ máa wà."

"Ó dáa náà."

Ẹni tó bá mọ Dọ̀kásì mọ̀ pé bó bá ti sọ "ó dáa" lẹ́ẹ̀mejì, kò dáa nìyẹn. Kò fẹ́ kúrò ní Brooklyn. Àga rẹ̀ wà ní ìjọ, ní ìlà kejì lápá òsì, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan mọ orúkọ rẹ̀, Oyíndà sì ni ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dàgbà. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn ún jù, tí kò lè sọ jáde, ni pé ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti sú ọmọ òun. Ó ní àwáwí lásán ni òtútù. Bí òtútù bá ni lóòótọ́, ṣé kì í ṣe ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ló yẹ kí Rìnsọ́lá wá, dípò tíkẹ́ẹ̀tì? Ó fi ẹ̀dùn ọkàn náà sínú, ó ń fi ẹ̀rín bò ó, ó sì ń di ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí Oyíndà gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Oyíndà. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, kì í sì í tijú láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú tábìlì. Bó bá ní "ọkọ" ń bọ̀, ẹ ó yọjú wò ó kí ẹ tó mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí mọ́tò. Olùkọ́ rẹ̀ kan, ọ̀gbẹ́ni David, ló ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú àgbàlagbà kan nínú ẹbí rẹ̀ dání lásìkò ìsinmi Kérésìmesì, kí wọ́n jọ ṣe ohun mẹ́ta tí wọn kò ṣe rí nígbà òtútù nínú ìlú, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Mama agba, ẹ jẹ ka jọ ṣe e," ni Oyíndà wí. "Mommy maa wa ni ibi iṣẹ. Wọn o ni mọ."

"Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ kí ìyá rẹ pa mí ni?" Bó ti ń sọ ọ́ ló ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"A maa lọ si ibi isinku ni ọla," ni Oyíndà sọ, kò sì ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Dọ̀kásì jáde nínú yàrá pẹ̀lú aṣọ dúdú, gèlè dúdú, àti Bíbélì lábẹ́ abíyá. Oyíndà wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Òkú ta ni?" ni Dọ̀kásì bi í.

"Ko si oku kankan, Mama agba. Ẹyẹ la fẹ lọ wo."

Dọ̀kásì ní ó ti pẹ́ tóun ti dáyé, òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ta ní í torí ẹyẹ lọ sí itẹ́ òkú nínú òtútù? Ṣùgbọ́n wọ́n lọ, ẹyẹ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lókè ẹnubodè ńlá itẹ́ òkú náà, àwọn ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé ti kó igi jọ kọ́ ìtẹ́ bí ẹni kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń pariwo bí ìgbà tí àwọn ìyá ìjọ bá ń pín iṣẹ́ ìkórè. Ọkùnrin kan tó ń fi awò wò wọ́n sọ pé láti ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ti kó àwọn bàbá ńlá wọn wá láyé ọjọ́un, pé wọ́n sá jáde nínú àgò, wọn kò sì kúrò ní Brooklyn mọ́, yìnyín ò yìnyín. Dọ̀kásì gbójú sókè, ó dúró pẹ́.

"Ẹ kú ìdúróṣinṣin o," ó wí fún wọn. "Ẹ̀yin ò lọ́mọ ní Houston?"

Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, wọ́n wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ dé ọgbà òdòdó kan ní Bronx, níbi tí wọ́n ti fi èèpo igi àti èso gbígbẹ kọ́ New York ní kékeré, tí àwọn ọkọ̀ ojú irin tí kò ju apá ọmọdé lọ sì ń sáré kiri láàárín rẹ̀. Dọ̀kásì gbádùn ibẹ̀, ó móoru. Ó wá ilé wọn ní Canarsie títí láàárín àwọn ilé kéékèèké náà, kò rí i, ó sì bínú díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló gbé wàhálà dé. Dọ̀kásì ń ṣa ẹ̀wà nínú kíṣìnì lọ́jọ́ tí Oyíndà ka ohun kan fún un lórí fóònù.

"Ni ọjọ kini ọdun, awọn eeyan pupọ maa lọ si okun ni Coney Island. Wọn maa wẹ ninu omi, ki wọn le bẹrẹ ọdun tuntun daadaa. O ti pẹ ti wọn ti n ṣe e."

Ọwọ́ Dọ̀kásì dúró lórí ẹ̀wà. "Wọ́n máa ń wẹ̀? Kí wọ́n lè wọ ọdún tuntun ní mímọ́?"

"Ẹn-ẹn. Mimọ. Gbogbo wọn papọ."

"Ìjọ wo ni?"

Oyíndà rò ó díẹ̀. Létí tirẹ̀, ìjọ àti èrò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. "Ijọ gbogbo eeyan ni. Ẹnikẹni le wa."

"Ó dáa," ni Dọ̀kásì wí, lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì dáa lóòótọ́.

Ẹni tí kì í ṣe Kérúbù lè má mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Nínú ìjọ tirẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá le, wọ́n á wọ aṣọ àdúrà, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á kó ara wọn lọ sétí omi, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì wẹ̀. Ìwẹ̀ odò nìyẹn. Láti ọdún tó ti dé Amẹ́ríkà kò tíì ṣe é, nítorí òkè ṣọ́ọ̀bù kan ni ìjọ wọn wà, omi ẹ̀rọ nìkan ló sì wà níbẹ̀. Wàyí o, odidi ìlú fẹ́ lọ wẹ̀ lódò ní ọjọ́ kìíní ọdún, ọjọ́ mẹ́jọ sí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Ta ló tún fẹ́ kí Ọlọ́run sọ̀rọ̀ jù báyìí lọ? Òun máa gbé ọ̀rọ̀ Houston lọ sínú omi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi to àdúrà náà, ọpẹ́ síwájú, ẹ̀bẹ̀ láàárín, ìlérí lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kìíní ọdún, Rìnsọ́lá jáde lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀. Nígbà tó máa di ọ̀sán, ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ ti wà nínú bọ́ọ̀sì B82. Dọ̀kásì wọ kóòtù tó dé kókósẹ̀, ó gbé àpò ọ̀rá kan sórí itan, ó ń kọrin sínú. Oyíndà kò bi í ohun tó wà nínú àpò.

Ẹni tí Dọ̀kásì kọ́kọ́ rí létí òkun ni ọkùnrin kan tó wọ pátá nìkan, tó de ìwo màlúù mọ́rí. Ó ní, "Jésù." Lẹ́yìn náà ó rò ó dáadáa, ó ní bóyá wòlíì wọn ni, torí òun mọ àwọn wòlíì kan ní Abẹ́òkúta tí ìmúra wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jùyẹn lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin kan kọjá nínú aṣọ adìẹ. Bàbá arúgbó kan tún tẹ̀ lé e, ó so ìlédìí mọ́ ìdí bí ọmọ ọwọ́. Orin ijó ń dún, àwọn èèyàn ń fò sókè láti mú ara wọn gbóná, itan tó wà níta níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò lóǹkà.

"Oyíndà, àwọn aláṣọ funfun dà?"

"Aṣọ funfun wo?"

Dọ̀kásì bọ́ kóòtù. Aṣọ àdúrà rẹ̀ funfun báláú, ó ti lọ̀ ọ́ dáadáa, àmùrè wà ní ìdí rẹ̀. Ó yọ agogo nínú àpò ọ̀rá. Ẹnu Oyíndà là, kò sì tètè padé.

"Mama agba, ki i ṣe adura o. Ere ni. Wọn kan maa… swim ni."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

"Lúwẹ̀ẹ́ nìyẹn!" ni Dọ̀kásì ké. "Ìwọ ọmọ yìí, lúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń pè é! O ò sọ fún mi pé lúwẹ̀ẹ́!"

Ojú tì í, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó dúró láàárín àwọn oníhòòhò nínú aṣọ mímọ́, ó sì fẹ́ gba kóòtù rẹ̀ padà kó máa lọ. Ibẹ̀ ni obìnrin gíga kan ti dé ọ̀dọ̀ wọn, Susan lorúkọ rẹ̀, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló ń wà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Òun ni ẹgbẹ́ tó ṣètò eré náà ní kó máa tọ́jú àwọn àgbàlagbà tó bá fẹ́ wọ omi. Inú rẹ̀ dùn, ó ní láti ọdún tóun ti ń bọ̀, òun kò rí ẹni tó múra bí áńgẹ́lì rí.

"Mi ò múra bí áńgẹ́lì," ni Dọ̀kásì fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. "Àdúrà ni mo wá gbà."

Susan kò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó, ó ní, "Èmi ò mọ àdúrà, ṣùgbọ́n mo mọ omi yìí. Ìṣẹ́jú kan péré, ẹ má sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

Dọ̀kásì wo òkun. Ọ̀rọ̀ Houston ṣì wà lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe wà. Kí àwọn yòókù máa ṣeré wọn. Omi tí Ọlọ́run dá náà ṣáà ni. Ó bọ́ bàtà, ó tẹ iyanrìn tútù, ó lu agogo gbọnrangandan.

"Halelúyà!"

Ọ̀kan nínú wọn dáhùn. Lẹ́ẹ̀méje ni wọ́n máa ń ké e nínú ìjọ Kérúbù, nítorí náà ó tún ké e. Àwọn mẹ́wàá dáhùn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, gbogbo etí òkun ti ń bá a ké e, torí wọ́n rò pé iye tí wọ́n ń kà kí wọ́n tó sáré wọ omi ni. Ọkùnrin oníwo náà gan-an ló ń ké jù. Bí èkeje ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n hó yèè, wọ́n sì dà sínú òkun, áńgẹ́lì Canarsie wà níwájú wọn.

Omi náà kò tutù bí omi ṣe ń tutù. Ó ń ta bí ata. Ó mú un lẹ́sẹ̀, ó mú un lórúnkún, nígbà tó fi dé ìdí, àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta ti fò lọ pátápátá, tọpẹ́ tẹ̀bẹ̀ tìlérí. Gbólóhùn kan ló kù sí i lẹ́nu, ó sì pariwo rẹ̀ débi tí àwọn ẹyẹ etí òkun fi fò.

"Olúwa, má jẹ́ kí n sú Rìnsọ́lá! Má jẹ́ kó lé mi lọ!"

Ó ri ara rẹ̀ sínú omi lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ Susan kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde. Ara rẹ̀ ń gbóná bí ẹni jó. Oyíndà, tó wọ omi dé orúnkún, ti fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì wọn tó dé Canarsie, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti wo áńgẹ́lì Coney Island.

Dọ̀kásì wà nínú kíṣìnì, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń mu ògì, nígbà tí Rìnsọ́lá já ilẹ̀kùn wọlé. Aago mẹ́rin ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yẹ kó parí kí aago méje tó lù. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó yẹ ìka ọwọ́ ìyá rẹ̀ wò, ó yẹ tẹsẹ̀ wò, ó ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Dọ̀kásì múra sílẹ̀ de ìbínú.

"Ashley tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi fídíò náà hàn mí," ni Rìnsọ́lá wí. "Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ni áńgẹ́lì náà ń sọ nínú omi." Ó fi ọwọ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀. "Nínú gbogbo wọn, èmi nìkan ló gbọ́ ọ. Màámi, ta ló sọ fún yín pé ẹ sú mi?"

"Ta ló gba tíkẹ́ẹ̀tì?"

Rìnsọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n omi náà.

"Lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú, ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Fóònù ń gbọ̀n nínú àpò mi, mo sì rí orúkọ yín. Mo rò pé ẹ fẹ́ bi mí ibi tí rìmóòtù wà ni. Mi ò gbé e, Màámi. Ẹ wà lórí yìnyín, mo sì ń wo orúkọ yín." Omijé já bọ́ lójú rẹ̀. "Kì í ṣe òtútù ni mò ń sá fún. Mo rò pé lọ́dọ̀ Bọ̀dá Diméjì, ẹnì kan á wà nílé tó máa dáhùn bí ẹ bá pè."

Láti ọdún méjì, Dọ̀kásì rò pé ọmọ òun kò rí ìpè náà ni. Kò bínú. Ó kàn rí ọmọbìnrin kan tó ti ń dá ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ó fi ọwọ́ tútù fa orí rẹ̀ mọ́ itan.

"Ṣé rìmóòtù nìkan ni mo máa ń torí rẹ̀ pè ọ́ ni?"

"Rìmóòtù ni lọ́pọ̀ ìgbà, Màámi," ni Rìnsọ́lá wí, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ojú ìyá rẹ̀ ló ti pe Ọládiméjì. Ó ní, "Bọ̀dá mi, Màámi ò bọ̀ mọ́. Ẹni tó wọ òkun lọ́jọ́ kìíní ọdún, kí ni mo fẹ́ wí pé òtútù ń ṣe é?"

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ẹgbẹ́ Susan máa ń wọ omi títí òtútù á fi lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn tó ṣe lórí àga ara rẹ̀ ní ìlà kejì lápá òsì, Dọ̀kásì tún wà níbẹ̀. Rìnsọ́lá dúró lórí iyanrìn, ó fi kóòtù bora dé ojú, aṣọ ìnura wà ní èjìká rẹ̀, fúláàsìkì tíì wà lábẹ́ apá. Wọ́n ní kó wá wọ omi, ó ní kí wọ́n má dán an wò.

Dọ̀kásì wọ omi dé orúnkún, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ti Susan. Ó dúró. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Rìnsọ́!"

"Mà!" Ìpè náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán tí ìdáhùn fi dé. Rìnsọ́lá ti sáré dé ibi tí omi ti ń kan bàtà rẹ̀. "Kí ló dé, Màámi?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Dọ̀kásì wí. "Mo kàn pè ọ́ ni."